Cairo, Ìlú Tó Wà Láàárín Odò Ńlá Méjì

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni odò Ohio ti ń ya wọ inú odò Mississippi, orí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ni wọ́n tẹ ìlú Cairo dó sí. Kò sí ibi tó rẹlẹ̀ tó agbègbè yìí ní gbogbo Illinois. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mọ odi yí ìlú ká, tí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin ràgàjì sí ojú títì tó wọlé láti àríwá, kí wọ́n lè tì í nígbà tí omi bá kún.

Àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ gbà pé ìlú tó bá wà ní irú oríta omi bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì di ńlá. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, Ulysses Grant, ọ̀gágun ìhà àríwá tó ń bá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó ń kó ẹrú jà, fi Cairo ṣe ibùdó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú tó ń sá kúrò ní oko ẹrú sì forí lé ibẹ̀. Ní 1920, ènìyàn 15,203 ló ń gbé ìlú náà; nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, 1,733 péré ló kù.

Lóòótọ́, afárá rélùwéè tí wọ́n parí sórí odò Ohio ní 1889, àti àwọn afárá mọ́tò tó tẹ̀ lé e, mú kí èrò àti ẹrù máa kọjá láìyà sí ìlú. Síbẹ̀, ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru afárá kò sọ òtítọ́ tán. Ní 1909, èrò rọ́ lu William James, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, wọ́n sì pa á ní gbangba ìgboro láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní 1967, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan, Robert Hunt, ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn aláṣẹ ní ó pokùn so ni, àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbà, rògbòdìyàn sì ṣẹlẹ̀. Láti 1969, United Front, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà, kọ̀ láti náwó sí ilé ìtajà tí kì í gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi dúró lórí rẹ̀. Lára àwọn onísọ̀ọ̀bù, àwọn kan yàn láti ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn pa ju pé kí wọ́n gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ lọ.

Ní oṣù karùn-ún 2011, omi kún débi pé ẹ̀ka onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi àdó olóró fọ́ odi Birds Point ní òdì kejì odò, kí omi lè ṣàn sórí oko àwọn ará Missouri dípò Cairo. Ìpínlẹ̀ Missouri pẹjọ́ tako ìgbésẹ̀ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò gbè wọ́n. Bí wọ́n ṣe gba ìlú lọ́wọ́ omi nìyẹn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ìdílé tó wà ní Elmwood àti McBride, àwọn ilé ìjọba tí àwọn alábòójútó ti pa tì títí wọ́n fi bàjẹ́, kó jáde. Ilé tí wọ́n lè kó sí kò tó nǹkan ní Cairo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ìlú sílẹ̀.