Kí a tó kọ̀wé béèrè owó àtúnṣe ilé àtijọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé àti ará oko. Ẹ wo ilé yìí dáadáa: ògiri amọ̀, páànù tó ti dípẹtà, fèrèsé onípákó. Irú rẹ̀ ṣì wà ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà àti Ìsánlú, ó sì ń dín kù lọ́dọọdún. Owó wà tí wọ́n fi ń tún irú ilé báyìí ṣe. Àmì-ẹ̀yẹ náà wà fún àwọn tó bá tún un ṣe bó ṣe yẹ. Ibi tí ìwé ìlú ti sábà máa ń há ni ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ló ni ilé?

Ẹ jẹ́ ká mú owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Ambassadors Fund for Cultural Preservation, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Òun ni wọ́n fi ṣàtúnṣe ojúbọ Bùsanyìn nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Kì í lọ sọ́wọ́ ẹnì kan, kì í sì í tún ilé àdáni ṣe. Ilé bàbá ńlá tó jẹ́ ti agbo ilé, ilé àdáni ni lójú wọn. Bí ẹbí bá fẹ́ kó wọlé, àfi kí wọ́n ti gbé ilé náà fún ìlú pátápátá kí wọ́n tó kọ̀wé, kí agbẹjọ́rò sì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ta ló lè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ olórí ẹbí nìkan kò tó. Aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí ìdí kan tí wọ́n fo dá lè gba ilé ẹjọ́ lọ kó sì fagi lé gbogbo rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìlú tí yóò gba ilé náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn yóò gbé ìkéde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, wọn yóò sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Ẹ ti parí èyí kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ẹ má dúró dè é.

World Monuments Watch ń gba orúkọ ibi tó wà nínú ewu ní ọdún méjì méjì, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi orúkọ sílẹ̀. Wọn kò ṣèlérí owó, àmọ́ ó ń mú kí àwọn olówó gbọ́ nípa ilé yín. Àmì-ẹ̀yẹ Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà fún ibi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, bíi Lọ́kọ́ja. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni, mílíọ̀nù kan dọ́là ni àwọn tó borí sì ń pín. Ẹ kọ́kọ́ parí iṣẹ́, kí àwọn èèyàn máa lo ilé náà fún ó kéré tán ọdún kan.

Ẹ lè bẹ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó kéde ilé náà. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Wọ́n kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní ìlú Èkó, ní 1956. Katakata wó o lulẹ̀ ní 2016. Ó dunni gan-an.

Ó yá, ẹ sún mọ́ ògiri. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ fi ìka kàn án: ó ń dún kó, kó, bí igbá òfìfo. Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, atẹ́gùn á sì gbẹ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì dí ọ̀nà náà. Omi há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ ń rọ̀, ó ń ya lulẹ̀ níbi tí ojú ò tó, ikán sì rí ibi tútù gbé. Bí ẹ bá kọ ogójì àpò sìmẹ́ǹtì sínú ìṣírò owó ilé amọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á mọ̀ pé ẹ ò tíì yẹ ilé náà wò.

Ẹ bu amọ̀ díẹ̀ láti ibi tó ti ya. Ẹ gún un kúnná, ẹ dà á sínú ìgò funfun dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ pọn omi kún un, ẹ mì ín gidigidi, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú láàárín, amọ̀ tó ń fà lókè. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé yín. Amọ̀ tí ẹ máa fi rẹ́ ògiri gbọ́dọ̀ jọ èyí. Bí ti òkè bá pọ̀ jù, yóò sán. Ẹ fi yanrìn kún un, pẹ̀lú koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù.

Òrùlé ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ já sí ibi tó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ojú àgbàrá sì gbé e lọ. Ẹ má ṣí páànù láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá. Tí òjò bá dá tán, ẹ rẹ́ ògiri, àmọ́ ọyẹ́ wa máa ń tètè gbẹ ojú amọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àpò tí ẹ rì sómi bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ bíríkìlà mẹ́ta, ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Owó náà sábà máa ń jáde ní ìdá ìdá, ìdá tó kàn kì í sì í jáde bí fọ́tò iṣẹ́ tó kọjá kò bá ṣe kedere. Ẹ ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ya fọ́tò àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ya èyí tó kù, kí igun ilé kan náà àti rúlà kan náà hàn nínú gbogbo wọn.