Ohun Tí Àwọ̀ Alágẹmọ Inú Àgò Ń Sọ fún Ẹni Tó Ń Sìn Ín

Ẹ wo akọ alágẹmọ tó wà lórí ẹ̀ka igi yìí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kò tíì pẹ́ tí wọ́n tan iná àgò rẹ̀, ó sì dúdú kirikiri láti orí dé ìrù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lè bẹ̀rù, kó ní ẹran òun ti fẹ́ kú. Nǹkan kan kò ṣe é. Òtútù òru ló wà lára rẹ̀. Ara alágẹmọ kì í dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀ bí ara èèyàn. Níta ló ti ń gbà á, awọ tó dúdú sì máa ń fa ooru mọ́ra ju awọ tó mọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dúdú láàárọ̀, tó kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí iná, tó sì tẹ́ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ kí iná lè ríbi púpọ̀ ràn sí. Nígbà mìíràn, ẹ ó tilẹ̀ rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí iná dúdú ju èkejì lọ. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó, dúdú náà á máa ká kúrò díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ewé á yọ, àwọn ìlà yẹ́lò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì hàn ketekete.

Tí ooru bá wá pọ̀ jù, òdìkejì lẹ ó rí. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, á la ẹnu sílẹ̀, á máa wá ibòòji kiri. Ẹ tètè wo iná yín. Ibi tó ti ń yáná kò yẹ kó ju nǹkan bí 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìsàlẹ̀ àgò sì gbọ́dọ̀ tutù ju ibẹ̀ lọ dáadáa, kó lè ríbi sá sí.

Veiled chameleon ni àwọn tó ń tà á ń pè é, orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ni Chamaeleo calyptratus. Ilẹ̀ Yemen ni ilé rẹ̀, àti agbègbè Asir ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Saudi Arabia. Akọ lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà tí a bá ka ìrù mọ́ ọn. Abo kì í tó bẹ́ẹ̀. Egungun tó ga sókè lórí wọn yẹn, ti akọ ló ga jù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí kò fojú kan igbó rí, ọwọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n ni wọ́n bí wọn sí.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ láti kékeré pé àwọ̀ ohun tí alágẹmọ bá dúró lé lorí ló ń mú. Kódà, ó wà nínú ìtàn àwọn baba wa. Olókun fẹ́ bá Olódùmarè díje nípa aṣọ wíwọ̀, Olódùmarè sì rán Agẹmọ sí i. Aṣọ yòówù kí Olókun wọ̀ jáde, irú rẹ̀ gan-an ni Agẹmọ á ti wọ̀, títí Olókun fi gbà pé apá òun kò ká ẹni tí ìránṣẹ́ rẹ̀ rí báyìí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gbé alágẹmọ inú àgò yín lé aṣọ pupa, kò ní pupa. Àwọn fídíò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan aláwọ̀ oríṣiríṣi tó sì ń yí bíi tiwọn lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ti tó láti fi í pamọ́ sáàárín ewé. Ní 2008, Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn alágẹmọ kéékèèké ti South Africa. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn tí ibùgbé wọn ní àwọ̀ oríṣiríṣi ni àwọ̀ wọn ń yí jù, bí kò ṣe àwọn tí àmì tí wọ́n ń fi hàn ẹgbẹ́ wọn ń tàn yọ jù. Alágẹmọ ń bá alágẹmọ sọ̀rọ̀ ni.

Báwo wá ni awọ ara ṣe ń yí àwọ̀? Mo fẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ohun àrà gidi ni. Lápá òkè awọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí èròjà yẹ́lò kún inú wọn. Lábẹ́ wọn ni àwọn mìíràn wà tí kò ní èròjà aláwọ̀ kankan. Kírísítálì guanine tíntìntín, ìyẹn wóró ohun líle kan tí ojú lásán kò lè rí, ló tò lẹ́sẹẹsẹ sínú wọn. Kò sí aró nínú ìfófòó ọṣẹ, síbẹ̀ tí oòrùn bá ràn án, ẹ ó rí i tí àwọ̀ oríṣiríṣi ń dán lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kírísítálì yìí ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ dá àwọ̀, àlàfo tó sì wà láàárín wọn ló ń pinnu èyí tí ojú wa máa rí. Ní 2015, Jérémie Teyssier, Michel Milinkovitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Geneva fi èyí hàn lára alágẹmọ ilẹ̀ Madagascar kan, panther chameleon. Nígbà tí ọkàn akọ balẹ̀, àwọn kírísítálì náà sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, búlúù ni wọ́n sì ń dá padà. Búlúù yẹn gba inú sẹ́ẹ̀lì yẹ́lò kọjá, ó wá di àwọ̀ ewé lójú wa. Nígbà tí akọ mìíràn yọ sí i, tí inú rẹ̀ ru, àwọn kírísítálì náà jìnnà síra, àwọ̀ ewé di yẹ́lò, ó di àwọ̀ ọsàn, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan péré.

Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà lára alágẹmọ ilẹ̀ Yemen náà. Èyí tó wá ń mú kó dúdú wà nísàlẹ̀ pátápátá. Melanin ló kún inú rẹ̀, ohun kan náà tó ń mú awọ àwa èèyàn dúdú. Sẹ́ẹ̀lì yìí ní apá tó nà sókè gba àárín àwọn yòókù. Tí melanin bá sá jọ sí àárín, ara á mọ́. Tó bá tú ká sínú àwọn apá náà, á bo àwọ̀ tó kù mọ́lẹ̀. Dúdú kirikiri tí ẹ rí láàárọ̀ yẹn, iṣẹ́ melanin ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìjà. Alágẹmọ yìí kì í fẹ́ rí ẹlòmíràn nítòsí. Tí akọ méjì bá kojú ara wọn, wọ́n á tẹ́ ara pẹlẹbẹ kí ẹ̀gbẹ́ wọn lè tóbi lójú, wọ́n á fẹ ọ̀fun, àwọn ìlà ara wọn á sì tàn yòò. Russell Ligon àti Kevin McGraw ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona wọn àwọ̀ ibi 28 lára irú akọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń figa gbága, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2013. Akọ tí ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ló sábà máa ń gbéra lọ bá èkejì. Akọ tí àwọ̀ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, tó sì ń yí kíákíá jù, ló sábà máa ń borí. Ẹ gbọ́ ná: ẹ̀gbẹ́ ń sọ bóyá ó fẹ́ jà, orí ń sọ bóyá ó lágbára ìjà, lára ẹranko kan ṣoṣo! Nínú ìwádìí mìíràn tí Ligon tẹ̀ jáde ní 2014, ẹni tí ìjà fẹ́ wọ̀ lọ́rùn ló wò. Ṣe ni irú wọn ń dúdú. Dúdú yẹn ni wọ́n fi ń túúbá, kí alágbára má bàa ṣe wọ́n léṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ to àgò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Nínú igbó, ẹni tó túúbá á kúrò níbẹ̀. Nínú àgò, kò ríbi lọ. Ọ̀tá rẹ̀ wà lójú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń dúdú, kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ fi nǹkan dí àárín wọn. Ẹ má kó méjì sínú àgò kan, bó ti wù kí àgò náà tóbi tó. Tí dígí bá wà nítòsí, ẹ gbé e kúrò, torí ojúlówó ọ̀tá ni òjìji ara rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun kan sì tún wà tó máa ń dùn mí: tí akọ bá tàn yòò nígbà tí olówó rẹ̀ dé iwájú àgò, àwọn kan á ní ó mọ àwọn, inú rẹ̀ ló ń dùn. Tí ara rẹ̀ bá tẹ́ pẹlẹbẹ, tó la ẹnu sí yín, ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ẹ rọra sún sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ abo ló jẹ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo èyí. Ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láti kékeré: akọ ní ṣóńṣó kékeré kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, abo kò ní. Àwọ̀ ewé tó tutù lójú ni abo máa ń ní nígbà tí kò lóyún. Tí akọ bá ti gùn ún, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara rẹ̀ á ti dúdú, àmì búlúù àti yẹ́lò á sì yọ rekete lórí dúdú náà. Ó rẹwà lójú wa, àmọ́ ohun tó ń sọ fún akọ ni pé kó má sún mọ́ òun. Akọ tó bá kọ etí ikún, abo á la ẹnu sí i, á máa mi ara síwá sẹ́yìn, ó sì lè bù ú jẹ. Tí ẹ bá ti rí àwọ̀ yìí, ẹ gbé akọ kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn ni pé abo yìí kò nílò akọ kó tó yé ẹyin. Dúdú àti àmì yẹn lè yọ lára èyí tí kò fojú kan akọ rí, torí ẹyin ti ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè tó 20, ó lè tó 70, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ lábọ̀ọ́jù, tí ooru àgò sì pọ̀, ṣe ni ẹyin á máa pọ̀ sí i. Tí kò bá ríbi gbẹ́ ilẹ̀, ẹyin lè há sí i nínú, kó sì pa á. Ẹ wá ike tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ rọ yanrìn tí ẹ fomi rin kún un, kó tutù débi pé ihò tó bá gbẹ́ kò ní ya lulẹ̀. Kí ike yìí ti wà nínú àgò kí àwọ̀ náà tó yọ rárá. Tó bá ń rìn kiri nísàlẹ̀ àgò, tí kò ka oúnjẹ sí mọ́, ó ń wá ibi tó máa yé sí nìyẹn. Ẹ ta aṣọ bo iwájú àgò, torí tó bá rí i pé èèyàn ń wo òun, ó lè pa ihò náà tì. Abo tó bá jókòó sílẹ̀, tó dijú lọ́sàn-án gangan, tí kò sì tíì yé, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà gan-an.

Lóru, tó bá ti sùn, gbogbo ara rẹ̀ á mọ́, á di àwọ̀ ewé tó ṣá. Kò sí ewu níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti rí wọn nínú igbó lágbègbè Fort Myers ní 2002, tọ́ọ̀ṣì ni àwọn tó ń wá wọn ń tàn kiri lálẹ́, torí àwọ̀ oorun yìí máa ń yọ láàárín ewé. Ẹran tí wọ́n ń sìn ló di ẹran igbó níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá sú, kó wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí àbàwọ́n funfun bí eérú tó ń ṣí lára rẹ̀, awọ ló ń bọ́. Ẹ má fi ọwọ́ bó o.

Àwọ̀ tó ń já mi láyà ni èyí tí kò yí mọ́. Iná ti ràn án láti àárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n, dúdú náà kò ká kúrò. Ẹ wo ojú rẹ̀: ṣé ó là á, ṣé kò wọnú? Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀: tí apá tó yẹ kó funfun bá ti di àwọ̀ ọsàn, òùngbẹ ń pa á. Alágẹmọ kì í mu omi inú abọ́, omi tó bá ń kán lórí ewé ló ń lá, nítorí náà ẹ fọ́n omi sí ewé àgò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, bóyá ó ń wọ́. Tí kò bá rí ìtànṣán UVB tó, ìyẹn irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò rí, tí ẹ kì í sì í bu ẹ̀tù calcium lé ìrẹ̀ tó ń jẹ, egungun rẹ̀ á rọ̀. Gílóòbù UVB lè ṣì máa tàn kí agbára rẹ̀ sì ti tán.

Tí ibì kan ṣoṣo bá dúdú lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lórí egungun orí rẹ̀, tí ibẹ̀ kò yí nígbà tí gbogbo ara yòókù ń yí, iná ló jó o. Ó máa ń di wáyà òkè àgò mú kó lè sún mọ́ gílóòbù, kì í sì í tètè mọ̀ pé ó ń jo òun. Ẹ gbé iná náà ga.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e dé, ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, nínú iná kan náà, kí ẹ lè mọ àwọ̀ tirẹ̀ gan-an, torí wọn kò rí bákan náà. Tí dúdú bá wá dúró sí i lára fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé fọ́tò náà dání lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹran afàyàfà, kí ẹ sì lè sọ fún un bí àgò ṣe gbóná tó, oṣù tí ẹ ra gílóòbù UVB, àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn.