Ta Ló Di Kámẹ́rà Mú?

Ẹ kú àsìkò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Omaha ní Nebraska ni mo wà, ìlú Lincoln ò sì jìnnà sí wa rárá, ibẹ̀ ni àwọn Yazidi, àwọn èèyàn kan láti Ìráàkì tí wọ́n ní ẹ̀sìn tiwọn, pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan nínú wọn ló ṣe ògbufọ̀ fáwọn sójà Amẹ́ríkà ní Ìráàkì, ìyẹn ló bá wọn rí físà.

Ẹ rántí 3 oṣù kẹjọ 2014, nígbà tí ISIS, àwọn agbawèrèmẹ́sìn yẹn, ya wọ Sinjar, ilẹ̀ àwọn Yazidi ní àríwá Ìráàkì. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 6,000 lọ, obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù, wọ́n ní abọ-Sátánì làwọn Yazidi, torí Tawûsî Melek, áńgẹ́lì wọn tó dà bí ẹyẹ ọ̀kín. Àwa tí wọ́n ti sọ Èṣù wa di Sátánì, ó yẹ kí èyí yé wa jàre.

Látìgbà yẹn làwọn oníròyìn ti ń wọ́ lọ sáwọn àgọ́ ogunléndé ní Duhok, ní àríwá Ìráàkì níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi àwọn ọmọbìnrin Yazidi, ẹ sọ ohun tí wọ́n fojú yín rí, ẹ tún un sọ. Mi ò ní kò wúlò o, Nadia Murad, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí ISIS kó lọ, sọ tiẹ̀ títí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018. Àmọ́ nígbà táwọn ọ̀dọ́ Yazidi inú àgọ́ bá di kámẹ́rà mú fúnra wọn, wọ́n á ya ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì níwájú tẹ́ǹtì, wọ́n á ya bọ́ọ̀lù, ìgbéyàwó, ẹrọ̀fọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò mọ ilé míì yàtọ̀ sí tẹ́ǹtì, ohun tí àlejò kì í béèrè. Wọ́n tún mọ ẹni tí ò yẹ kí wọ́n fojú ẹ̀ hàn, torí àwọn tó lé ní 2,000 ni wọn ò tíì rí títí dòní, àbúrò ẹlòmíì lè ṣì wà lọ́wọ́ ìkà.

Fíìmù tó wù mí kí ẹnìkan nínú wọn ṣe ní Nebraska ni ti itẹ́ òkú tí àwọn Yazidi rà lẹ́bàá Malcolm, abúlé kan nítòsí Lincoln. Tẹ́lẹ̀, Ìráàkì ni wọ́n ń gbé òkú wọn padà sí, àwa náà kúkú mọ owó tí ìyẹn ń ná èèyàn àti ariwo tí ẹbí máa pa. Ta ló gbà á láyè kí wọ́n kọ́kọ́ sin bàbá òun síbí, ta ló bínú?