Ẹ̀kọ́ Nínú Eré: Ohun Tí Ọmọ Kíláàsì Kìíní Lè Kọ́ Lórí Yanrìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, rántí ohun tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe kí ó tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, á sì fi ìka wá etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀ nígbà náà ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọmọ ọdún 6 ni ètò ìjọba ní kí ó wọ Pírámárì Wáànù, a kì í sì í wọn etí mọ́. Síbẹ̀, ara ọmọ ni àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn kọ́kọ́ wò, èmi sì gbà pé ó yẹ kí àwa náà máa wò ó, nítorí pé ara yìí ni ọmọ ọdún mẹ́fà fi ń ronú.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ẹ̀kọ́ tí a ń fi eré kọ́ni, pàápàá èyí tí a ń ṣe níta gbangba. Ẹ má ṣe fi wé àkókò ìsinmi tí àwọn ọmọ ń sáré kiri kí wọ́n lè padà wá jókòó. Nínú eré tí à ń sọ yìí, olùkọ́ ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ mọ̀ kí agogo tó lù, ó sì ti yan eré tí kò ní jẹ́ kí ọmọ lè yẹ nǹkan náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin, ogún ọmọ ayò sì wà níwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ní kí wọ́n tò ó sórí yanrìn ní ìlà méjì, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Ó bo ìlà ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Títí dé ibí, à ń fi kún mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣirò Yorùbá yí ojú padà, ó dúró sórí ogún, ó ń wo ohun tó kù kí ó tó pé. Olùkọ́ wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ọmọ kan mú ẹyọ kan kúrò nínú ogún. Ó ku mọ́kàndínlógún. Ọmọ mìíràn mú òmíràn, ó ku méjìdínlógún. Nígbà tí wọ́n mú ìkẹrin, tí gbogbo wọn pariwo "mẹ́rìndínlógún", mẹ́rin tí wọ́n dín wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n lè kà á. Ọmọ tó ti ń kọ orúkọ yìí lórin láti ìgbà tó wà ní jẹ́léósinmi lè máà mọ̀ rárá pé "dín" tó wà láàárín rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ibi tí yóò ti mọ̀ ọ́n nìyí.

Eré ayò gan-an tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò mẹ́rin ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48, àádọ́ta dín méjì. Àṣìṣe tí olùkọ́ kíláàsì kìíní ń rí lójoojúmọ́ ni pé ẹnu ọmọ máa ń sáré ju ìka rẹ̀ lọ: ó ti pe mẹ́jọ, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìkẹfà. Nínú ayò, kò sí bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀ kí ó má hàn, nítorí pé ẹni tí kò ní ọmọ ayò lọ́wọ́ mọ́ kò ní ohun tí yóò jù sínú ihò, ẹni tí ẹ jọ ń ta á kò sì ní gbà fún yín.

Ẹ wo ohùn èdè náà. Olùkọ́ fa ìlà mẹ́ta sórí ilẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè. Ọmọ tó bá gbọ́ "ọkọ" á tẹ ìlà àárín lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá gbọ́ "ọkọ́" tí a fi ń ro oko, á fò láti àárín lọ sókè. Bí ó bá gbọ́ "ọkọ̀" tí à ń wọ̀, á bọ́ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a bá kọ àmì ohùn sára pátákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí àmì náà ń wí.

Ọwọ́ tó ń kọ̀wé pàápàá ń fẹ́ eré. Ẹ wo ọmọ tó fi gbogbo ìka di pẹ́ńsù mú títí èékánná rẹ̀ fi funfun, tí ẹnu pẹ́ńsù sì ń kán. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìka rẹ̀ ni kò tíì lágbára. Amọ̀ mímọ, ẹ̀wà ṣíṣà àti ìlẹ̀kẹ̀ sísín ni yóò fún un ní agbára náà.

Àwọn kan ń rò pé àṣà òkèèrè ni èyí. Lóòótọ́, ní ọdún 1837 ni Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì, ó sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé ní ọdún 1840. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ àwọn ìyá wa ní àlọ́ àpamọ̀ àti bojúbojú? Ohun tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni ọ̀rọ̀ èdè. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, fi hàn pé Yorùbá kò fa ọmọ sẹ́yìn. Eré kò lè di ẹ̀kọ́ bí èdè bá há ọmọ lẹ́nu, tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn.

Mo mọ̀ pé òbí tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ kì í sì í dùn bí ojú ewé náà bá ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọmọ náà, kí ẹ ní kí ó fi mẹ́tàdínlógún hàn yín.

Ó ku ètò. Òwúrọ̀ ni kí a jáde, kí oòrùn tó mú. Kí olùkọ́ rìn yí ibẹ̀ ká ṣáájú, kí ó ṣa àfọ́kù ìgò, kí ó sì rí i pé ìdérí kànga wà ní títì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ọgbà lè bu yanrìn sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó fi ìdérí ìgò ṣe ọmọ ayò. Bí eré bá sì parí, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ka ọmọ ayò padà sínú àpò. Bí ó bá jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n kà, kí olùkọ́ má ṣe bá wọn wá ẹyọ kan tó kù. Kí ó dúró, kí ó bi wọ́n pé mélòó ló sọnù, àti báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.