Ọkùnrin Tó Ń Fẹ̀yìn Lélẹ̀, Tó Ń Gbẹ́sẹ̀ Sókè

Ẹ wo ọkùnrin yìí, Fritz Pollard, dáadáa. Bí wọ́n bá gbé e ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kì í dojú bolẹ̀. Á yí bírí, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á wá máa ju ẹsẹ̀ méjèèjì lókè bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Àwàdà kọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúnkún gún un níhà nígbà tó ti wà nílẹ̀, ìsàlẹ̀ bàtà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Frederick Douglass Pollard lorúkọ tí bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀ kan ní Chicago, sọ ọ́ ní 1894, nítorí Frederick Douglass, akọni tó sá kúrò lóko ẹrú. Àwọn ará Jámánì àdúgbò wọn ló ń pè é ní Fritz. Kò ju bíi kílò 75 lọ. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí táwa ń fẹsẹ̀ gbá: àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́ tí wọ́n á fi sáré, táwọn òmìrán á sì ya lu ẹni tó gbé e.

Yunifásítì Brown ló ti lókìkí. Ní January 1, 1916, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá Rose Bowl, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, ní California. Òjò sọ pápá di ẹrẹ̀, Washington State sì nà wọ́n ní 14 sí 0. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Brown ti na Yale, ó na Harvard.

Ó wá lọ gbá bọ́ọ̀lù olówó ní Akron, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1919. Ẹ gbọ́ èyí: kì í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ eré. Ilé iṣẹ́ sìgá tó jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn olówó ẹgbẹ́ náà ló ti ń múra, nítorí èébú àwọn òǹwòran. Bí eré bá ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi mọ́tò wá gbé e. Síbẹ̀, Akron gba ife àkọ́kọ́ líìgì tó di NFL, líìgì bọ́ọ̀lù olówó tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, Paul Robeson, tó di gbajúmọ̀ olórin àti òṣèré, sì wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, 1989 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú mìíràn tó dé NFL: Art Shell. Fritz ti kú ní 1986. Ní 2005 ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìyì bọ́ọ̀lù náà, ní Canton, ní Ohio kan náà. Kò jìnnà rárá sí ilé sìgá yẹn.