Kí Ló Dé Tí Jàpáàn Rọ̀, Tí Ìráàkì Gbaná?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ogun parí, ẹni tó ṣẹ́gun wá jókòó sílé yín, òun ló ń pàṣẹ, bí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ṣe jókòó sí Èkìtì láyé ọjọ́un. Kí ló dé tí èyí fi lójú fún Amẹ́ríkà ní Jàpáàn, 1945 sí 1952, tó wá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ìráàkì ní 2003?

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé: ẹ ó ní owó ni. OWÓ NÌKAN KỌ́ O! Mo tún un sọ, owó nìkan kọ́! Owó Marshall tẹ́ ẹ̀ ń pariwo yẹn, ìyẹn owó tí Amẹ́ríkà fi tún Yúróòpù ṣe lẹ́yìn ogun, 1948 ló bẹ̀rẹ̀, sọ́jà wọn sì ti wà ní Jámánì, tí wọ́n ṣẹ́gun bíi ti Jàpáàn, láti 1945. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ló ń ba àwọn ará ibẹ̀ ju ẹ̀rù Amẹ́ríkà lọ. Oṣù kẹfà 1948 ni Rọ́ṣíà dí ọ̀nà Berlin pa, ni bàálù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì bá ń kó oúnjẹ àti èédú wọlé, ìlú tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn o!

Tí mo bá gun Olúmọ, tí mo ń wo páànù tó dípẹtà nísàlẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ yìí náà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn baba wa ti sá wá síbí, oníkálukú pẹ̀lú olóyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Dahomey dé ẹnu odi Aró ní 1851, ta ló tún ráyè béèrè ìlú tí ẹnì kejì ti wá?

Ìráàkì ńkọ́? Mùsùlùmí Sunni, Mùsùlùmí Shia, ẹ̀yà Kurd, ara wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ni Paul Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣolórí níbẹ̀, bá tún fọwọ́ síwèé ní oṣù karùn-ún 2003, ó tú àwọn ọmọ ogun Ìráàkì ká. Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n tú ti Jàpáàn náà ká, mo mọ̀! Ṣùgbọ́n Hirohito, ọba Jàpáàn, ṣì wà lórí ìtẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí wọ́n gba kámú, òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà nídìí tábìlì ẹ̀. Ní Baghdad, ta ló kù tó lè bá ọ̀gá sọ́jà sọ̀rọ̀ kó gbọ́, ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, tó níyàwó, tó lọ́mọ, tí wọ́n ní kó máa lọ láìsí owó oṣù?

Oṣù kẹfà, wọ́n kóra jọ sẹ́nu géètì Amẹ́ríkà, owó wọn ni wọ́n ń béèrè. Ìbọn dún, èèyàn méjì kú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéde pé àwọn á máa san nǹkan fún wọn. Ìbọn ti wà nílé wọn nígbà yẹn.