Ẹ Jẹ́ Ká Bò Ó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará òkè òkun. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, láti Trujillo ní Perú. Ẹ ti ń béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe níbí. Ògiri amọ̀ ni mo ń tọ́jú.

Chan Chan lorúkọ ìlú àtijọ́ tí ògiri náà wà. Àwọn Chimú ló tẹ̀ ẹ́ dó létí òkun, ibẹ̀ sì ni olú-ìlú wọn kí àwọn Inca tó ṣẹ́gun wọn ní nǹkan bí ọdún 1470. Àwọn ará Sípéènì ò tíì dé nígbà yẹn. Ààfin ni o, ilé ìṣúra ni o, oórì ọba ni o, amọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1986 tí UNESCO kà á mọ́ ogún aráyé, ọdún yẹn gan-an náà ni wọ́n kọ ọ́ sára àwọn tó wà nínú ewu.

Òjò kì í sábà rọ̀ lágbègbè yìí, àfi tí El Niño bá dé, ìyẹn ìgbà tí omi òkun bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tó sì fa òjò ńlá, bíi ti 1998 àti 2017. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni mò ń bẹ̀rù jù. Omi á ti abẹ́ ilẹ̀ gun ògiri, á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì kù sẹ́yìn. Yóò máa dì, yóò máa ti awọ ògiri síta. Tí ìka bá kàn kan ọnà ẹja tàbí ẹyẹ tó wà lára rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ló ń já bọ́. A máa ń rẹ igi ẹlẹ́gùn-ún San Pedro sómi, omi náà á yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, a ó fi po amọ̀ tí a fi ń rẹ́ ògiri. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè dá iyọ̀ dúró.

Ohun tí àwa awalẹ̀pìtàn bá hú ni ayé fi ń mọ̀ wá. Ó dùn mọ́ni, mi ò parọ́. Síbẹ̀, ọnà tí iyanrìn ti ń ṣọ́ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí a bá ṣí i sílẹ̀ fún atẹ́gùn òkun, ojú wa báyìí ló máa tán. Nítorí náà, ká yà á ní fọ́tò, ká wọ̀n ọ́n, ká da iyanrìn tó mọ́ bò ó padà. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè wo àwòkọ rẹ̀. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa Erédò Súngbọ́, odi iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú: ká kọ́kọ́ dáàbò bo iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ́wọ́ òjò àti katakátá, ká tó sọ pé a fẹ́ walẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ní ìpàdé lórí ògiri kan tí àwọn kan fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Mo ti kọ èrò mi ránṣẹ́: kí wọ́n bò ó.